Omi Òjò, Kíníìnì àti Àdúrà

Ojú omi ni àjàkálẹ̀ àrùn fulú gbà wọ Èkó ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1918. Ọkọ̀ tó ń ti etíkun Gold Coast bọ̀ ló gbé e dé èbúté, kò sì pẹ́ tó fi bá ọkọ̀ ojú irin àti àwọn oníṣòwò wọ àárín ìlú. Ẹni tó jí sáká lówùúrọ̀ lè máa gbọ̀n lálẹ́, kí wọ́n sì ti sin ín kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Nígbà tí yóò fi kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn onímọ̀ ìtàn fojú bù ú pé ẹ̀mí tó bá a lọ ní Nàìjíríà tó ìdajì mílíọ̀nù, bẹ́ẹ̀ gbogbo ènìyàn tó wà nílẹ̀ yìí nígbà náà kò ju bíi mílíọ̀nù 18 lọ. Dókítà òyìnbó kò rí oògùn rẹ̀ ṣe. Àwọn oníṣègùn tiwa náà já ewé títí. Ìjọba ní kí wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́, kí wọ́n ti ilé ìjọsìn pẹ̀lú, kí èrò má baà kó àrùn ran ara wọn. Ní ọjọ́ tí àwọn ènìyàn fẹ́ sá wọ ṣọ́ọ̀ṣì jù lọ, àgádágodo ni wọ́n bá lẹ́nu ọ̀nà.

Nínú ìjọ St. Saviour's ti àwọn Áńgílíkà ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn kan wà tí wọn kò gbà pé bí ilẹ̀kùn bá tì, ẹnu náà gbọ́dọ̀ pa dé. Joseph Shadare, alágbẹ̀dẹ wúrà, ni aṣáájú wọn. Baba Ali, tó ń tọ́jú ilé ìjọsìn náà, lá àlá kan: ó rí ṣọ́ọ̀ṣì tó pín sí méjì, apá kékeré mọ́lẹ̀ kedere, apá ńlá ṣókùnkùn biribiri. Wọ́n ní àwọn tó ń gbàdúrà ni apá kékeré, àwọn tó ti fi àdúrà sílẹ̀ ni apá ńlá. Àlá tó ń bíni nínú ni, pàápàá bí ènìyàn bá ti ń jókòó síwájú ṣọ́ọ̀ṣì láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn tó gbà á gbọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé fún àdúrà.

Sophia Ọdúnlámì, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń ṣe olùkọ́, dara pọ̀ mọ́ wọn. Àrùn náà mú òun alára. Orí àìsàn yẹn ló wà tó fi ní òun gbọ́ ohùn kan: kí àwọn ènìyàn fi oògùn sílẹ̀, kí wọ́n máa mu omi òjò, kí wọ́n sì máa gbàdúrà. Ó jáde lọ sọ ọ́ fún aráyé. Ẹgbẹ́ tó ti ibẹ̀ dìde ni wọ́n ń pè ní Òkúta Iyebíye.

Ó rọrùn fún ẹni tí páńádọ́ọ̀lù wà lápò rẹ̀ lónìí láti fi omi òjò rẹ́rìn-ín. Kó rọra. Ní 1918, kò sí ẹnì kan láyé tó mọ kòkòrò tó ń fa fulú. Ọdún 1933 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i mú lára ènìyàn. Kò tíì sí oògùn apakòkòrò tí wọ́n lè fún ẹni tí àrùn náà bá kọ lu ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ásípírínì àti kíníìnì ni dókítà ní lọ́wọ́, kíníìnì kò sì ran fulú. Ohun tó lè fa ẹlòmíràn yọ ni kó rí ẹni fún un lómi mu, kó rí ẹni po ẹ̀kọ gbígbóná fún un, kó sì rí ẹni tí kò sá fún un. Nítorí náà, n kò lè bá àwọn tó ń pe àwọn ará Ìjẹ̀bú wọ̀nyẹn ní òpè kẹ́gbẹ́. Lọ́dún yẹn, ohun tí wọ́n ní kò kéré sí ohun tó wà ní ọsibítù. Ohun tó wá dá wàhálà sílẹ̀ nígbà tó yá ni pé wọ́n mú ohun tó bá ọdún 1918 mu, wọ́n sọ ọ́ di òfin fún gbogbo ọdún àti fún gbogbo àìsàn.

Wọ́n tún ní ohun kan tí dókítà kò ní. Ní 1884 ni odidi Bíbélì jáde ní èdè Yorùbá, lẹ́yìn iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún tí Àjàyí Crowther ṣe aṣáájú rẹ̀. Crowther fúnra rẹ̀ kì í ṣe àlejò nínú ìpọ́njú: ọmọdé ni nígbà tí ogun kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, ọdún 25 sì kọjá kí ó tó tún fojú kan ìyá rẹ̀, ní Abẹ́òkúta, ní 1846. Ọwọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà nínú Sáàmù tí àwọn ènìyàn ń kà lójú àìsàn. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń kú lọ lórí ẹní kò ní láti wá èdè ẹlòmíràn bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀. Ó lè fi èdè tó fi ń ná ọjà ráhùn, kó fi jà, kó fi bẹ̀bẹ̀.

Àwọn ìjọ àtijọ́ ní ìwé àdúrà, wọ́n sì ní aago tí àdúrà ń parí. Àwọn wọ̀nyí kò wo aago. Ààwẹ̀ ni, orin ni, àtẹ́wọ́ ni, kí kálukú gbé ohùn sókè títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ìyá tí kò fojú kan oorun nítorí ọmọ rẹ̀ yóò bá àwọn ènìyàn pàdé tí wọ́n fi oorun tiwọn sílẹ̀ nítorí ọmọ yìí kan náà. Mo gbà pé ibẹ̀ ni ìwòsàn ti ń bẹ̀rẹ̀, yálà ara yá lẹ́yìn náà tàbí kò yá. Ayọ̀ tí irú àwọn ìjọ aládùúrà wọ̀nyí, àwọn Aládùúrà, wá di olókìkí fún, ìlù àti ijó tí àwọn ará ìta ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, inú ìṣọ́ òru aláìsàn ló ti jáde wá. Kì í ṣe ayọ̀ àwọn tí ohunkóhun kò ṣe.

Ìjọ Áńgílíkà kò fara mọ́ ọn. Ìrìbọmi ọmọ ọwọ́, àlá àti ìran, oògùn: gbogbo rẹ̀ di àríyànjiyàn níwájú Bíṣọ́ọ̀bù Melville Jones, nígbà tó sì di 1922, àwọn Òkúta Iyebíye kó jáde. Kò gbọ̀fẹ́. Shadare pàdánù ipò tó dì mú nínú ìjọ, Ọdúnlámì pàdánù iṣẹ́ olùkọ́. Lásìkò yẹn, ìwé tí ìjọ Faith Tabernacle ń tẹ̀ jáde ní Philadelphia, ní Amẹ́ríkà, ti ń dé ọwọ́ D. O. Ọdúbánjọ ní Èkó. Ẹ̀kọ́ ìwòsàn láìlo oògùn tó wà nínú rẹ̀ bá tiwọn mu, wọ́n sì gba orúkọ náà fún ara wọn. Àlá àti ohùn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà wá wọlé tọ̀ wọ́n, ohun tó bá sì ti wọ inú ìwé báyìí máa ń ṣòro láti yí padà.

Ẹlòmíràn ń gba ọ̀nà tirẹ̀ bọ̀. Moses Orímọládé Túnọláṣe, ọmọ Ìkàrẹ́, yarọ láti kékeré. Ó gbàdúrà títí ó fi lè dìde rìn, ó sì fi ẹsẹ̀ náà wàásù láti ìlú dé ìlú títí ó fi dé Èkó ní 1924. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà ọdún 1925, ọ̀dọ́bìnrin kan, Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n, lọ wo àwọn Àgùdà níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọdún Corpus Christi. Lẹ́yìn ìran tó rí níbẹ̀, ó wọ ojúran, kò sì mọ ara rẹ̀ mọ́. Wọ́n ránṣẹ́ pe Orímọládé, ó gbàdúrà, ọmọ náà sì jí. Ẹgbẹ́ tó wá di Kérúbù àti Séráfù ti ilé tí wọ́n ti gbàdúrà yẹn bẹ̀rẹ̀.

Ẹsẹ̀ Orímọládé ló máa ń dá mi dúró nínú ìtàn yìí. Baba Aládùúrà ni wọ́n ń pè é, àwọn aláìsàn ń wọ́ tọ̀ ọ́ lọ́sàn-án lóru, síbẹ̀ ó ń tiro títí tó fi kú ní 1933. Ó rìn, òótọ́ ni. Ẹsẹ̀ náà kò tọ́ tán, òótọ́ ni pẹ̀lú. Àwọn tó ń kọ ìtàn iṣẹ́ ìyanu kì í pẹ́ níbí, wọn a sáré kọjá. Bí mo bá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo rò pé títiro yẹn ni ìbá jẹ́ kí n gbẹ́kẹ̀ lé e. Ìrora rẹ̀ kò tíì tán tó fi ń gbọ́wọ́ lé ẹlòmíràn lórí. Kò lè fi bò, kò sì gbìyànjú láti fi bò.

Ẹni tí òkìkí rẹ̀ wá kọjá ti gbogbo wọn ni Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tí wọ́n bí ní 1904 ní Òdò-Ọ̀wá, ní ìpínlẹ̀ Kwara òde òní. Ó ti kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ díẹ̀ kí ó tó di awakọ̀ rólà tí ìjọba fi ń tẹ ọ̀nà tó ti Iléṣà lọ sí Àkúrẹ́. Ní oṣù Kẹwàá 1928, nítòsí Ìkéjì-Arákeji, ẹ̀rọ náà kọ̀, kò ṣiṣẹ́ mọ́, Babalọlá sì ní òun gbọ́ ohùn tó pe òun kúrò nídìí rẹ̀. Ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ ohun tí iṣẹ́ ìjọba jẹ́ nígbà yẹn yóò mọ ìdí tí àwọn ènìyàn rẹ̀ fi rò pé orí rẹ̀ ti dàrú.

Ní oṣù Keje 1930, àwọn olórí Faith Tabernacle pàdé ní Òkè-Oòyè, ní Iléṣà, Babalọlá náà sì wà níbẹ̀. Àríyànjiyàn ni wọ́n wá yanjú. (Ẹ máa bá mi rẹ́rìn-ín: inú ìpàdé ìgbìmọ̀ ni ìsọjí tó tóbi jù lọ nílẹ̀ Yorùbá ti bẹ́ sílẹ̀.) Ìjọ sọ pé wọ́n gbé òkú ọmọ kan kọjá, Babalọlá gbàdúrà, ọmọ náà sì jí. Ẹni tó bá fẹ́ lè jiyàn ìyẹn. Ohun tí kò ní àríyànjiyàn ni èrò tó tẹ̀lé e. Wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rìn wá, wọ́n ń fi lọ́rì wá, láti Ìjẹ̀ṣà, láti Èkìtì, láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n gbé agbè àti ìgò omi dání kó lè gbàdúrà sí i. Omi ìyè ni wọ́n ń pè é. Àwọn kan ju òòṣà ilé wọn sínú iná níbẹ̀.

Kí a má sì gbàgbé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ọjà lásìkò náà. Láti 1929 ni ọrọ̀ ajé gbogbo ayé ti dojú bolẹ̀, owó kòkó wó lulẹ̀, owó orí kò sì dínkù. Àgbẹ̀ tó ti fi oko kòkó dógò yá owó wà nínú èrò yẹn, àgàn wà níbẹ̀, ẹni tí àbíkú ti gba ọmọ mẹ́rin lọ́wọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ènìyàn kì í mú àìsàn kan ṣoṣo lọ síbi àdúrà.

Ọsibítù Wesley Guild ti àwọn Mẹ́tọ́díìsì kò jìnnà sí Òkè-Oòyè. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé àwọn aláìsàn dìde lórí ibùsùn níbẹ̀, wọ́n kó lọ bá Babalọlá. Àwọn ìjọ tó wà nílùú náà bínú, ìjọba sì ń ṣọ́ ọ. Ní 1932, nítorí ìwàásù rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àjẹ́, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Benin. Ó jáde, ó padà sídìí agogo ìwàásù àti àdúrà rẹ̀.

Kí ẹni tó wà lábẹ́ ìṣọ́ ìjọba lè rí ààbò, àwọn aṣáájú ìjọ Babalọlá ti kọ̀wé sí ìjọ Apostolic ní Bradford, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn míṣọ́nárì dé. Ẹ̀fọn náà sì ń bẹ níbí. Àwọn òyìnbó wọ̀nyí mọ ohun tí ibà ti fi ojú àwọn tó ṣáájú wọn rí, nítorí náà wọ́n ń mu kíníìnì. Èyí ló bí ìjà tó gbóná títí wọ́n fi pín ní 1941, tí Ọdúbánjọ, Babalọlá àti Isaac Akínyẹlé, ẹni tó wá jẹ Olúbàdàn ní 1955, fi dúró lábẹ́ orúkọ Ìjọ Àpọ́sítélì ti Krístì. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi àwọn míṣọ́nárì kò rọrùn láti dáhùn: bí Ọlọ́run bá tó wo aláìsàn sàn, ṣé kò tó dáàbò bo ẹni tó rán níṣẹ́ ni? Tọkàntọkàn ni wọ́n fi bi í. Wọ́n ti pàdánù iṣẹ́ nítorí ìgbàgbọ́ yìí, wọ́n ti jìyà ẹ̀wọ̀n nítorí rẹ̀. Wọn kò ní gbà kí ẹni tó dé láná ṣe é ní àbọ̀.

Síbẹ̀, kíníìnì tí kò ran fulú ń ran ibà. Oògùn kan náà ni. Àìsàn ló yàtọ̀. Òfin tí ọdún 1918 bí kò mọ ìyàtọ̀ yìí, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí ara wọn ń gbóná ló sì sanwó rẹ̀. Ìwé ìtàn ìjọ a máa ka àwọn tó jí, tó rìn, tó bímọ. Kì í ka ẹni tí ibà pa nítorí pé òbí rẹ̀ rò pé àìnígbàgbọ́ ni kí òun gbé e lọ sí ọsibítù. Mo bọ̀wọ̀ fún ìgbàgbọ́ àwọn bàbá wọ̀nyí, n kò sì ní torí ọ̀wọ̀ fi èyí sílẹ̀ láìsọ.

Iléṣà náà ló tún dá wọn lóhùn, láìbá ẹnikẹ́ni jà. Ní 1956, dókítà kan, David Morley, dé Wesley Guild. Ó rí i pé ibi tí ikú ti ń bá àwọn ọmọdé ni abúlé, wọn kì í sì í sábà gbé wọn wá títí yóò fi bọ́ sórí. Ó lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, ó dá ìtọ́jú sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ó kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ bí wọ́n ṣe lè máa bójú tó ohun tí wọ́n ti rò tẹ́lẹ̀ pé dókítà nìkan ló lè ṣe. Wọ́n ń wọn ọmọ, wọ́n ń fi àmì sí ìwọ̀n rẹ̀ lórí káàdì kan, kí ojú lè rí i bó bá ń dàgbà tàbí bó bá dúró. Ìyá ni wọ́n ní kó máa tọ́jú káàdì náà sílé. Káàdì tí wọ́n fi ọmọ Ìjẹ̀ṣà dán wò yìí di ohun tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò. Iṣẹ́ ọsibítù ṣọ́ọ̀ṣì ni. Orúkọ Jésù kan náà ló gbé e dúró tó gbé Òkè-Oòyè dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìhà kìíní kò ní agogo, ìhà kejì kò ní òṣùwọ̀n.

Ìyá tó ń gbé láàárín àwọn méjèèjì kò ka ti àríyànjiyàn sí. Ó pọn ọmọ rẹ̀ lọ wọ̀n, ó sì pọn ọ́n lọ síbi àdúrà. Èmi rò pé òun ló gbọ́n jù nínú gbogbo wọn. Lónìí, nọ́ọ̀sì àti dókítà pọ̀ nínú àwọn ọmọ ìjọ Aládùúrà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò tilẹ̀ mọ̀ pé ìjọ ti pín rí nítorí kíníìnì.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2020, nígbà tí ìjọba ti Èkó, Ògùn àti Àbújá pa nítorí Kòrónà, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì tún tì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbàdúrà lórí fóònù. Ohun tí mo gbọ́ jù lẹ́nu àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ lásìkò yẹn kì í ṣe pé iṣẹ́ ìyanu wọ́n. Ìsìnkú ló dùn wọ́n. Wọ́n sin bàbá láìsí ẹni tí yóò bá wọn sọkún, kò sí ẹgbẹ́, kò sí ìṣọ́ òru, kò sí ẹni tó bá wọn jókòó lórí bẹ́ǹṣì títí ilẹ̀ fi mọ́. Ohun tí àwọn ará Ìjẹ̀bú fi fún ara wọn ní 1918 gan-an ni àrùn náà gbà lọ́wọ́ wọn.

Bóyá ìdí nìyẹn tí àkókò ìjẹ́rìí fi máa ń kọ mí lóminú nínú àwọn ìjọ wa. Ẹni tó bá rí iṣẹ́, tó bímọ, tó jáde nínú àìsàn la ń pè síwájú. Ẹni tó gbàdúrà kan náà, tó gba ààwẹ̀ kan náà, tí aláìsàn rẹ̀ sì kú, a jókòó sẹ́yìn, kó máa pàtẹ́wọ́ fún àwọn ẹlẹ́rìí. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìráhùn pọ̀ nínú Sáàmù tí a ń fi òròòru kà. Sáàmù 88 tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nínú ìnira, inú òkùnkùn ló sì parí sí, kò sí ẹni tó yọ ọ́ kúrò nínú Bíbélì.

Mo rí obìnrin kan rí tó jáde sọ́wọ́ iwájú nígbà tí wọ́n ní kí àwọn tó ní ẹ̀rí tò. Opó ni. Ó ní òun kò wá jẹ́rìí ìwòsàn, nítorí ọkọ òun kò rí i gbà. Ó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń fọ aṣọ aláìsàn òun fún òun, ó ń dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ alàgbà kan tó ń wá ka Bíbélì fún ọkọ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ títí kò fi lè gbọ́ mọ́. Ó ní lẹ́yìn ìsìnkú, òun bá Ọlọ́run jà fún ọ̀pọ̀ oṣù, kò sì sí ẹnì kankan nínú ìjọ tó bá òun wí. Àwọn ènìyàn kò mọ̀ bóyá kí wọ́n ké Halelúyà. Olórí akọrin dìde, kò mọ orin tí yóò dá, ó tún jókòó. Ẹni tó ń darí ìsìn ti ń nawọ́ láti gba gbohùngbohùn, torí àkókò ti lọ, nígbà tí pásítọ̀ ṣẹ́wọ́ sí i pé kó fi sílẹ̀ fún un, kí màmá máa bá ọ̀rọ̀ wọn lọ.